Fèrèsé Balùwẹ̀ àti Bíbo Àṣírí Ara: Àgbéyẹ̀wò Dígí àti Ọ̀rá Àlẹ̀mọ́

Ìfáárà

Láyé àtijọ́, ẹ̀yìnkùlé agbo ilé ni àwọn Yorùbá ń ṣe balùwẹ̀ sí. Imọ̀ ọ̀pẹ, ẹní tàbí páànù ni wọ́n fi ń yí i ká, kì í sì í sábà ní òrùlé. Ẹni tó fẹ́ wẹ̀ yóò fi aṣọ kọ́ sórí ọgbà náà. Ẹni tó ń bọ̀ yóò rí aṣọ, yóò wúkọ́ tàbí kí ó kágò, yóò sì yà bàrá. Nǹkan méjì ló ń bo ẹni tó ń wẹ̀ nígbà náà: ọgbà tó yí i ká àti ìwà ọmọlúàbí ẹni tó ń kọjá.

Balùwẹ̀ òde òní ti wọ inú ilé. Ó ní òrùlé, ó ní ìlẹ̀kùn tó ṣeé tì, ó sì ní fèrèsé. Fèrèsé yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Ní ìlú bí Èkó àti Ìbàdàn, ilé ti fún mọ́ ara wọn débi pé fèrèsé balùwẹ̀ ẹnìkan lè kọjú sí àtẹ̀gùn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aládùúgbò rẹ̀. Lóòótọ́, Abala 37 nínú Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ ìlú àti ti ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin kò lè dúró lẹ́nu fèrèsé láàárọ̀ àti lálẹ́. Dígí tí onílé bá yàn ni yóò dúró níbẹ̀. Ohun tó sì ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀sán ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lọ yan dígí lọ́jà, wọn a gbé e sókè sí oòrùn, wọn a ní ó dára. Bẹ́ẹ̀ ni ìdájí kùtùkùtù, kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́, àti alẹ́, nígbà tí wọ́n bá dé, ni wọ́n ń wẹ̀.

Bí Ìmọ́lẹ̀ ṣe ń Gba Inú Dígí Kọjá

Dígí lásán tó mọ́ gaara máa ń jẹ́ kí nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ tó bá bọ́ sí i lára kọjá, ó sì ń dá nǹkan bí ìdá 8 padà. Ìdá 8 yìí kéré, àmọ́ òun ló fà á tí ẹni tó dúró nínú yàrá tó ní iná lálẹ́ fi ń rí ojú ara rẹ̀ nínú dígí fèrèsé, tí kì í sì í rí ìta. Ẹni tó wà níta nínú òkùnkùn, ní tirẹ̀, ń wò ó kedere. Ẹni tó wà lókùnkùn ló ń rí ẹni tó wà nínú ìmọ́lẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá pààrọ̀ ibi tó wà, ẹni tó ń ríran náà á pààrọ̀.

Lux ni òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sójú nǹkan. Oòrùn ọ̀sán gangan lè tó 100,000 lux. Lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run ṣú, ó lè jẹ́ nǹkan bí 10,000. Gílóòbù inú balùwẹ̀ sábà máa ń fúnni ní nǹkan bí 100, òṣùpá àrànmọ́jú kì í sì í tó 1.

Ọ̀rá Tó ń Dán bíi Dígí Ìwojú

Ọ̀rá yìí ni àwọn tó ń tà á máa ń yìn jù. Wọn a ní ẹni tó wà nílé yóò máa rí ará ìta, ṣùgbọ́n ará ìta kò ní rí i. Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa, ọ̀sán nìkan ni ọ̀rọ̀ wọn bá mu. Ká sọ pé ọ̀rá kan ń dá ìdajì ìmọ́lẹ̀ padà, tó sì ń jẹ́ kí ìdá 20 nínú 100 kọjá. Lọ́sàn-án, bí ìta bá jẹ́ 10,000 lux, tí inú balùwẹ̀ sì jẹ́ 100, ìmọ́lẹ̀ tí ọ̀rá náà dá padà sójú ẹni tó wà níta jẹ́ 5,000, èyí tó ti inú jáde sí i kò sì ju 20 lọ. Èyí tó dá padà fi ìlọ́po 250 borí. Ojú ara rẹ̀ ni ayọjúràn yóò máa wò. Nígbà tó bá di agogo 8 alẹ́, tí ìta di 1, tí iná sì wà nínú balùwẹ̀, èyí tí ọ̀rá dá padà kò ju ààbọ̀ lọ, àmọ́ èyí tó ń ti inú jáde ṣì jẹ́ 20. Èyí tó ti inú jáde ló wá fi ìlọ́po 40 borí. Ẹni tó ń wẹ̀ kò rí nǹkankan níta, ó sì gbà pé bí òun kò ṣe rí wọn ni wọn kò ṣe rí òun. Nínú ewu tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, èyí ló burú jù, nítorí ẹni tí fèrèsé rẹ̀ jẹ́ dígí lásán a tilẹ̀ rántí ta aṣọ sí i.

Dígí aláwọ̀ dúdú, irú èyí tó wà lára ọkọ̀, kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kàn ń dín ìmọ́lẹ̀ kù ni.

Dígí Oníkùukùu àti Dígí Ọlọ́nà

Ohun tí balùwẹ̀ nílò ni dígí tó ń tú ìmọ́lẹ̀ ká, tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá ṣùgbọ́n tí àwòrán ń fọ́ yángá sínú rẹ̀. Irú rẹ̀ méjì ló wọ́pọ̀. Èkíní ni a lè pè ní dígí oníkùukùu: iyanrìn tí a fi agbára afẹ́fẹ́ fẹ́ lù ú, tàbí ásíìdì, ni a fi ń bu ojú rẹ̀ jẹ títí yóò fi funfun bí ìgbà tí kùukùu bo òkè. Èkejì ni dígí ọlọ́nà, èyí tí wọ́n ń gbà láàárín irin rìbìtì méjì nígbà tó ṣì gbóná, kí ọnà ara irin náà lè tẹ̀ mọ́ ọn lára. Ọ̀sán àti òru kò yàtọ̀ sí àwọn méjèèjì.

Ṣùgbọ́n dígí oníkùukùu ní àbùkù kan tí kò yẹ ká fojú fò. Bí omi tàbí epo bá kan ojú rẹ̀ tó rí hárahàra, omi náà yóò dí àwọn kòtò wẹ́wẹ́ inú rẹ̀, dígí yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ gaara. Ìdí ni pé ìmọ́lẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yà kúrò lọ́nà nígbà tó bá ń ti inú dígí bọ́ sínú omi, bí ó ti ń yà nígbà tó bá ń bọ́ sínú afẹ́fẹ́. Nítorí náà, ojú rẹ̀ tó ń dán ló yẹ kó kọjú sí ibi tí omi ìwẹ̀ ti ń ta. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ojú hárahàra á wá wà níta, ẹni tó bá sì lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọn lè rí inú. Fún ìsàlẹ̀ ilé, níbi tí ọwọ́ ẹni tó ń kọjá lè tó fèrèsé, dígí ọlọ́nà tí ọnà rẹ̀ jin ló dára jù. Omi tó ta sí i kò lè kún inú ọnà náà.

Ibi tí Iná Wà

Dígí tó ń tú ìmọ́lẹ̀ ká ń fi àwòrán pamọ́, àmọ́ kì í fi òjìji pamọ́ tán. Bí iná bá wà lẹ́yìn ẹni tó ń wẹ̀, tí ẹni náà sì súnmọ́ fèrèsé, ìrísí ara rẹ̀ yóò hàn lójú dígí bí àwòrán sinimá. Bó bá ṣe jìnnà sí dígí tó ni òjìji náà ń dàrú tó. Iná kékeré bí àbẹ́là tàbí tọ́ọ̀ṣì, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò nígbà tí iná mànàmáná bá lọ, ń fa òjìji tó mú ju ti iná gígùn lọ. Ibi tó yẹ kí iná balùwẹ̀ wà ni ara ògiri tí fèrèsé wà, lókè fèrèsé náà, kí òjìji ẹni tó ń wẹ̀ lè bọ́ sí ògiri òdìkejì. Àwọn tó ń fa wáyà iná sínú ilé kì í sábà bèèrè ibi tí fèrèsé wà kí wọ́n tó kan gílóòbù mọ́gi.

Afẹ́fẹ́ ńkọ́?

Balùwẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀ yóò hu èbu, yóò sì máa rùn. Fèrèsé gbọ́dọ̀ ṣí, bó bá sì ti ṣí, dígí tó dára jù lọ kò wúlò mọ́ níbi tó ṣí sílẹ̀ náà. Fèrèsé tí a ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ló burú jù ní ti èyí, nítorí ìdajì rẹ̀ ló máa ń ṣófo. Lúfà, tí àwọn kan ti ń kà sí ohun àtijọ́, sàn jù ú lọ. Awẹ́ dígí rẹ̀ dà sísàlẹ̀ níhà ìta. Ẹni tó wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì òdìkejì kò lè rí ju ẹ̀yìn awẹ́ náà lọ, ẹni tó wà nílẹ̀ sì ń wo òkè àjà. Ìgbà tí wọ́n bá ṣí i dé ojú ìbú pátápátá ni ẹni tó wà lọ́gbọọgba lè ríran wọlé. Fèrèsé tí a so mọ́ férémù lókè, tí a sì ń ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ síta, náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́lé tilẹ̀ lè gbé ìsàlẹ̀ fèrèsé ga ju orí ènìyàn lọ, bí ilé alájà kò bá kọjú sí i.

Ti Ayálégbé

Ayálégbé kò lè yọ dígí onílé, nítorí náà ọ̀rá àlẹ̀mọ́ ni tirẹ̀, ṣùgbọ́n kó jẹ́ ọ̀rá oníkùukùu, kì í ṣe èyí tó ń dán. Inú ilé ni a ń lẹ̀ ẹ́ sí. Kí ó kọ́kọ́ fi omi ọṣẹ fọ dígí, kí ó sì fi abẹ ha ọ̀dà àti sìmẹ́ńtì tó bá wà lára rẹ̀ kúrò. Eruku ọyẹ́ tó bá ṣẹ́kù yóò di kókó lábẹ́ ọ̀rá. Kí ó fi omi tó ní ọṣẹ díẹ̀ wọ́n dígí náà, kí ó bó ẹ̀yìn ọ̀rá, kí ó tẹ́ ẹ lé e, kí ó sì fi nǹkan pẹlẹbẹ tó rọ̀ ti omi àti afẹ́fẹ́ láti àárín lọ sí etí. Kí ó gé etí rẹ̀ kí ó ku nǹkan bí mìlímítà 1 tàbí 2 kó kan férémù, kí ọ̀rinrin má baà gbé e sókè. Bó bá jẹ́ lúfà, ó ní láti yọ awẹ́ kọ̀ọ̀kan kúrò kí ó tó lẹ̀ ẹ́. Ọ̀rá kì í mú lára dígí ọlọ́nà níhà tí ọnà wà. Lẹ́yìn tí ó bá gbẹ, kí ó tan iná balùwẹ̀ lálẹ́, kí ẹnìkan nínú ìdílé dúró síbi tí a ti ń wẹ̀ pẹ̀lú aṣọ lára, kí ó sì jáde lọ wò ó láti ìta.