Bàtà Inú Ògiri

Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, mo jókòó ti bàbá bíríkìlà kan tó ti ń tún ilé àtijọ́ ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tipẹ́. Bí wọ́n ṣe gbé ìkókó jáde, bàbá tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹsẹ̀ tó fi díẹ̀ ju eléyìí lọ ló ni bàtà tí mo bá nínú ògiri. Ẹyọ kan ṣoṣo, ó ti gbó, ẹ̀yìn ààrò ló wà. Mo fẹ́ sọ ọ́ nù, onílé ní rárá o."

June Swann, tó fìgbà kan bójú tó bàtà ní Mùsíọ́ọ̀mù Northampton, ìlú àwọn aránbàtà, ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ irú bàtà bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá nínú ilé sílẹ̀ ní nǹkan bí 1950 sí 1960. Nígbà tó fi di 2012, àkọsílẹ̀ náà ti tó 1,900: àlòkù ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn bàtà náà, bàtà ọmọdé sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì.

Ta ló dá àṣà fífi bàtà pamọ́ sínú ilé sílẹ̀? Ibẹ̀ ni ìjà wà. Ralph Merrifield, nínú ìwé rẹ̀ ti 1987, nawọ́ sí John Schorn, àlùfáà North Marston ní Buckinghamshire, tí ìtàn ní ó mú Sàtánì, tó sì tì í mọ́nú bàtà. Wọ́n máa ń ya àwòrán rẹ̀ tòun ti bàtà lọ́wọ́, tí Sàtánì ń yọjú lẹ́nu bàtà. Lójú Merrifield, pàkúté ni onílé ń dẹ fún ẹ̀mí búburú. Àwọn mìíràn kọ̀ jálẹ̀: wọ́n ní ọmọ ni wọ́n fi ń wá, torí bàtà ò ṣàjèjì níbi ìgbéyàwó Gẹ̀ẹ́sì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rí bàtà kan lẹ́yìn ìjókòó akọrin ní Kàtídírà Winchester. 1308 ni wọ́n kan ìjókòó náà, Schorn ṣì wà láyé. Bó bá jẹ́ ìgbà náà ni bàtà ọ̀hún débẹ̀, àfàìmọ̀ kí àṣà yìí má dàgbà ju ìtàn àlùfáà lọ.

Èmi gba ti bàbá. Ó ní, "Bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀." Ilẹ̀kùn ṣeé tì, fèrèsé ṣeé tì, àmọ́ ọ̀nà èéfín ń yanu sójú ọ̀run tọ̀sántòru. Nínú gbogbo ohun tí èèyàn ń wọ̀, bàtà ló ń mú ìrísí ara ẹni jù. Ẹni tó fi í síbẹ̀ fi ẹ̀ṣọ́ síbẹ̀ ni. Àwọn tó fi í pamọ́ kò kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, àwọn tó ń wó ilé lónìí kì í sì í béèrè: bàtà ọmọ ọlọ́mọ a bá pàǹtí lọ.

Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ dá a padà?"

Ó ní, "Mo dá a padà. Mo kọ imú rẹ̀ síta, kó lè máa rí ẹni tó ń bọ̀."