Ọgbà Ìgbafẹ́ àti Ọ̀nà Ẹsẹ̀ ní Ìyàrà: Iṣẹ́ Ta Ni, Owó Rẹ̀ Ńkọ́?

Nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, Àfikún Kẹrin ni ó to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ọjà, gáréèjì, ibi ìpẹran, itẹ́ òkú, fífún òpópónà lórúkọ. Ibẹ̀ náà ni ó ti ka títì, gọ́tà, iná ojú pópó, ọgbà ìgbafẹ́ àti gbàgede ìlú, bí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ bá ṣe là á sílẹ̀. Nítorí náà, bí ará Ìyàrà bá ń wá ẹni tí yóò ṣe ibi tí ọmọdé yóò ti ṣeré, tí àgbà yóò sì ti na ẹsẹ̀ nírọ̀lẹ́, kí ó má tíì wo Lọ́kọ́ja, áḿbọ̀sìbọ́sí Àbújá. Ìyàrà ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìjùmú ní Ìpínlẹ̀ Kogí. Inú ìlú níbẹ̀ ni kánsù wà.

Ọ̀rọ̀ owó ni ó máa ń dá iṣẹ́ náà dúró. Nínú owó tí ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ jọ ń pín lóṣooṣù, ìdá 20.60 nínú ọgọ́rùn-ún ni ti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ 774. Ó pẹ́ tí owó yìí ti ń gba inú àpò àjùmọ̀ní tí ìpínlẹ̀ ń mójú tó, tí kì í sì í dé ọ̀dọ̀ wọn bí ó ṣe gbéra. Ní ọjọ́ 11 oṣù Agẹmọ (Júláì) 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé kí a máa san án fún wọn tààrà. Ìdájọ́ nìyẹn o. Ẹni tó bá fẹ́ mọ èyí tó tẹ kánsù lọ́wọ́, kí ó bi kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù rẹ̀.

Kí ó sì tètè bi í. Oṣù Ṣẹ́rẹ́ (Jánúárì) ni ọdún ìnáwó ń bẹ̀rẹ̀, bọ́jẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì ti máa ń délẹ̀ kí ọdún tó parí. Lẹ́tà tí ẹgbẹ́ ìlú bá mú wá ní oṣù Ògún (Ọ́gọ́ọ̀sì) lè rí àyè wọlé. Èyí tó bá dé ní oṣù Ọ̀pẹ (Dìsẹ́ńbà), inú fáìlì ni yóò ti ṣe ọdún tuntun.

Ohun tí lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gbàgbé ni pé apá méjì ni bọ́jẹ́ẹ̀tì ní. Apá kan wà fún iṣẹ́ ńlá: odi, bẹ́ǹṣì, géètì tí a ó ṣí pẹ̀lú ìlù àti fọ́tò. Apá kejì wà fún ìnáwó ojoojúmọ́, nínú èyí tí owó oṣù ẹni tí yóò máa ro ọgbà àti owó àdá, ọkọ́ àti bárò rẹ̀ wà. Gbogbo ènìyàn ló ń bèèrè ti àkọ́kọ́. Èmi rò pé ti ìkejì ló yẹ kí a kọ́kọ́ bèèrè, nítorí ìgbà òjò kan péré tó fún koríko láti bo bẹ́ǹṣì mọ́lẹ̀.

Ẹ wo Lekki ní Èkó. Láti ọdún 1990 ni NCF (Nigerian Conservation Foundation), ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo igbó àti ẹranko, ti ń tọ́jú igbó hẹ́kítà 78 níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ epo Chevron ń ṣe agbátẹrù rẹ̀, àwọn àlejò náà sì ń san owó ẹnu géètì. Owó wọ̀nyí ni afárá orí igi rẹ̀, tó gùn ní mítà 401, fi ń rí àtúnṣe. Ọgbà Àgọ́dì ní Ìbàdàn rí ìdàkejì: àkúnya omi bà á jẹ́, ó sì di ọdún 2014 kí ó tó ṣí padà. Ní New York, nígbà tí apá ìjọba kò ká Central Park mọ́, àwọn ará ìlú dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 1980 láti máa dáwó fún un. Ní 1998 ni ìlú náà bá wọn tọwọ́ bọ̀wé lórí ìtọ́jú rẹ̀. Ìyàrà kò ní Chevron, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ìlú tó wà lẹ́yìn odi mọ owó dídá dáadáa.

Ti ọ̀nà ẹsẹ̀ kò wọ́n tó ti ọgbà. Ọ̀nà odò àti ọ̀nà oko ti wà nílẹ̀. Òjò ni ọ̀tá wọn. Níbi tí ọ̀nà bá ti dà gẹ̀rẹ́, omi a sọ ọ́ di ipa tirẹ̀, a gbẹ́ àárín rẹ̀ títí yóò fi jìn dé orókún, àwọn ènìyàn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ la òmíràn. Àtúnṣe rẹ̀ kò gba ọ̀dà, kò gba kọngílá. A ó gbẹ́ ipa omi kéékèèké kọjá lójú ọ̀nà ní ìdágẹ̀rẹ́, a ó to òkúta sí etí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí omi lè yà sínú igbó kí ó tó rí agbára kó jọ. Bí ilẹ̀ bá ṣe dà sí ni wọn yóò ṣe súnmọ́ra sí. Àwọn àgùnbánirọ̀, tí wọ́n ní ọjọ́ iṣẹ́ ìlú lọ́sẹ̀, lè bá ará ìlú ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún kan ni wọ́n ń lò kí wọ́n tó lọ.

Ilẹ̀ náà ńkọ́? Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìgboro sábẹ́ gómìnà, ó fi ti ìgbèríko sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n ìdílé ni gbogbo wa mọ̀ gẹ́gẹ́ bí onílẹ̀. Bí ìdílé bá yọ̀ǹda gbàgede, kí sàfeyọ̀ ya àwòrán rẹ̀, kí baálé ìdílé tọwọ́ bọ ìwé lójú ẹlẹ́rìí. Láìṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ-ọmọ kan yóò ta ọgbà náà ní pílọ́ọ̀tì.

Oṣù Òkúdù àti Agẹmọ (Júùnù àti Júláì) ló dára fún igi gbígbìn, nígbà tí òjò ti fìdí múlẹ̀. Ẹ̀ka odán ni a ń gé gbìn. Ibòòji rẹ̀ kò láfiwé. Máńgòrò náà dára, bí ẹ bá lè fara da òkò àwọn ọmọdé nígbà èso. Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró ní Bélú (Nòfẹ́ńbà), kí a ro etí ọgbà yíká, kí ó fẹ̀ tó ìṣísẹ̀ márùn-ún, kí àwọn ọdẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í finá sígbó.