Laptop tòkunbọ̀ tó ń tàn lónìí, tó ń kọ̀ lọ́la: kí ló dé?

Nínú gbogbo àìsàn laptop tòkunbọ̀, èyí tó ń tán èèyàn ní sùúrù jù ni èyí tí kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń ṣe é. Láàárọ̀, ẹ tẹ bọ́tìnnì, ó tàn. Lálẹ́, kò dáhùn. Ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́, ó tàn bíi pé nǹkan kan ò ṣe é rí. Ibẹ̀ lowó ti ń ṣòfò, torí oníṣẹ́ tí kò fojú ara rẹ̀ rí àìsàn náà lè ní kí ẹ pààrọ̀ motherboard.

Táwọn ọ̀rẹ́ mi bá gbé irú rẹ̀ wá, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi wọ́n ni pé: "Ṣé fáìlì yín wà níbòmíràn?" Ọjọ́ tó bá tàn, ẹ kọ́kọ́ da iṣẹ́ yín, pàápàá project iléèwé, sórí flash. A lè ra ẹ̀rọ míì. Iṣẹ́ ọdún kan ò ṣeé rà.

Tí a bá tẹ bọ́tìnnì, iná á wọlé láti ara ṣájà tàbí bátìrì. Ètò kékeré kan tó wà lórí motherboard, tí wọ́n ń pè ní BIOS tàbí UEFI, á jí, á yẹ RAM àtàwọn ẹ̀yà yòókù wò, kó tó lọ wá Windows nínú disk. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà: ibi yòówù kó ti já, "kò tàn" náà la máa pè é. Torí náà, ẹ wo ibi tó dúró sí.

Tí kò bá tan iná kankan, tí fáànù ò sì yí, ẹ fura sí iná. Ẹ yọ ṣájà, ẹ yọ bátìrì tó bá ṣeé yọ, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30, kí iná tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ lè gbẹ. Ẹ wá fi ṣájà nìkan dán an wò. Tó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ bá mi ẹnu ṣájà ló ń tàn, ihò yẹn ti ń mì nìyẹn.

Tí fáànù bá yí àmọ́ tí ojú rẹ̀ dúdú, RAM ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Irin máa ń fẹ̀ tó bá gbóná, ó máa ń sún kì tó bá tutù. Ẹnu RAM tí kò jókòó dáadáa lè kanra lọ́sàn-án, kó má kan lóru. Ẹ pa á, ẹ yọ iná àti bátìrì, ẹ yọ RAM, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu ẹnu rẹ̀, kí ẹ tì í padà. Tó bá jẹ́ méjì, ẹ dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Tó bá dé orí àmì iléeṣẹ́ tó ṣe é, tó wá dúró síbẹ̀, disk tàbí Windows ló kù. Láti Windows 8 ni Fast Startup ti wà: tí ẹ bá tẹ Shut down, kì í pa gbogbo nǹkan tán, àmọ́ Restart máa ń bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Tí Restart bá ń ṣiṣẹ́, tí títàn lẹ́yìn Shut down sì ń kọ̀, ẹ pa Fast Startup.

Ohun kan ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ má sì tètè yọ̀ o. Ká ní ó ń kọ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú 5: kódà tí ẹ ò bá tún nǹkan kan ṣe, ó ṣeé ṣe kó tàn nígbà 5 léraléra, nǹkan bí ìdá 33 nínú 100. Tó bá di ìgbà 15 léraléra, kò ju ìdá 4 lọ. Torí náà, ẹ tàn án nígbà 15, nígbà tó tutù àti nígbà tó gbóná, kí ẹ tó sọ pé ó ti dáa.

Ẹ máa kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: àsìkò, ṣájà tàbí bátìrì, ibi tó dúró sí. Tí ẹ bá gbé ìwé yẹn fún oníṣẹ́, kò ní máa fi owó yín méfò.