Ìgbà Wo Ni Ó Yẹ Kí A Pààrọ̀ Káàdì Àwòrán?

Káàdì àwòrán ni ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tí ń ya àwòrán eré sí ojú ẹ̀rọ. Ní ọdún 2016, ilé-iṣẹ́ NVIDIA gbé GTX 1060 jáde ní dọ́là 249, èyí tí kì í ṣe pọ́ọ́kú, tí kì í sì í ṣe ọ̀wọ́n gógó. Ní 2021, RTX 3060 dé ní dọ́là 329. Ǹjẹ́ dídé tuntun tó ohun tí a ó torí rẹ̀ sọ ti àná nù? Rárá o. Owó akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe ohun àfiṣòfò.

Iṣẹ́ ni kí a wò. Bí ojú ẹ̀rọ kò bá lè fi ju àwòrán 60 hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí káàdì sì ń ya 60 láìsinmi, kí ni a tún ń wá? Bí eré bá ń wọ́, ẹ dín ìwọ̀n àwòrán kù. Bí ó bá yá sí i, káàdì ni kò lágbára tó. Bí kò bá yá, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà ni ó rẹ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ṣùgbọ́n ìgbà kan ń bẹ tí àdínkù kò ràn án mọ́. Eré Indiana Jones and the Great Circle, tí ó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ń béèrè ẹ̀yà tí ń ṣírò ìrìn ìmọ́lẹ̀. GTX 1060 kò sì ní in. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ yóò pààrọ̀ káàdì rẹ̀. Kí ó tó rà á, kí ó wò ó bóyá iná inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ yóò gbé e: wáàtì 120 ni GTX 1060 ń jẹ, 170 ni ti RTX 3060.

Àìní ni kí ó rán wa lọ sí ọjà, kì í ṣe ariwo ọlọ́jà.