“Ó Dá Mi Lójú”: Yíyan Àpólà Ìdánilójú Nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì fún Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá

Nínú àròkọ alárìíyànjiyàn àti lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀, kò tó kí ènìyàn sọ èrò rẹ̀ nìkan. Ó yẹ kí òǹkàwé mọ bí èrò náà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó lọ́kàn ẹni tó ń sọ ọ́. Yorùbá ní “mo rò pé”, “mo gbà pé”, “mo gbàgbọ́ pé”, “ó dá mi lójú pé” àti “mo mọ̀ pé” fún iṣẹ́ yìí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì náà ní tirẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Ohun tó ń kó akẹ́kọ̀ọ́ sí wàhálà ni pé ó ń fi àpólà kan rọ́pò èkejì bí ìwé atúmọ̀ èdè ti tò wọ́n, láìbéèrè ẹni tó ni ìdánilójú náà.

Ọ̀rọ̀ náà “sure” ni àpẹẹrẹ tó hàn jù. Ẹ gbé gbólóhùn méjì yìí yẹ̀ wò: “Bísí is sure of passing” àti “Bísí is sure to pass”. Olùwà kan náà ni, ṣùgbọ́n ìdánilójú inú wọn kì í ṣe ti ẹnì kan náà. Nínú ti àkọ́kọ́, Bísí ló ní in. Ó lè jẹ́ pé ṣe ló ń tan ara rẹ̀ jẹ. Nínú ti èkejì, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ló ń fọwọ́ sọ̀yà pé Bísí yóò yege; Bísí fúnra rẹ̀ lè máa gbọ̀n nínú yàrá ìdánwò. Olùkọ́ tó ń kọ ìwé ẹ̀rí fún akẹ́kọ̀ọ́, tó wá ṣi ọ̀kan lò fún èkejì, lè sọ ọmọ tó fẹ́ yìn di agbéraga.

Yorùbá kò ṣe aláìmọ ìyàtọ̀ yìí. “Ó dá Bísí lójú pé òun yóò yege” ni ti àkọ́kọ́. “Ó dájú pé Bísí yóò yege” ni ti èkejì. Orúkọ ẹni tó ní ìdánilójú wà láàrin “dá” àti “lójú” nínú gbólóhùn kan; nínú èkejì, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ́kọ́ sọ èrò rẹ̀ ní Yorùbá yóò tètè mọ èyí tó yẹ kó yàn. “Certain” náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, àfi pé “It is certain that” dán mọ́rán, nígbà tí “It is sure that” kì í dùn létí ẹlẹ́dè.

“No doubt” tún jẹ́ pańpẹ́ tó burú ju ìyẹn lọ. Nítorí pé iyèméjì ni “doubt”, akẹ́kọ̀ọ́ a máa kà á sí “láìsí àní-àní”, a sì fi í tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n “No doubt he missed the bus” kò ju “ó jọ pé ọkọ̀ ti fi í sílẹ̀” lọ. Àbá lásán ni. “There is no doubt that” tàbí “without doubt” ló ní agbára “láìsí àní-àní”. Nínú lẹ́tà sí ọ̀gá, “No doubt you will approve my request” ń dún bí ẹni pé òǹkọ̀wé ti bá ọ̀gá ṣe ìpinnu.

“I believe” ní ìtàn tirẹ̀. Létí Yorùbá, ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ wúwo, pàápàá láti inú ilé ìjọsìn. Ní Gẹ̀ẹ́sì, “I believe the meeting is at ten” jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó ń fi àyè sílẹ̀ bí aago bá lọ yí padà. Ní 1986, Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo gbé ìwé Knowledge, Belief and Witchcraft jáde, èyí tó dá lórí ìjíròrò pẹ̀lú àwọn oníṣègùn Yorùbá. Wọ́n ṣàlàyé pé lẹ́nu àwọn àgbà wọ̀nyí, “mọ̀” jẹ mọ́ ohun tí ènìyàn fojú ara rẹ̀ rí, “gbàgbọ́” sì jẹ mọ́ ohun tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn tó sì gbà. Gẹ̀ẹ́sì kì í béèrè bẹ́ẹ̀. Ohun tí ènìyàn kà nínú ìwé ìtàn, “I know” ni yóò wí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ “I believe that Nigeria became independent in 1960”, nítorí pé a kò tíì bí i nígbà náà, lè ṣòótọ́ ní ìlànà Yorùbá, ṣùgbọ́n ẹni tó ń máàkì Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ yóò rò pé ọdún náà kò dá a lójú.