Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Ìbọn Yíyìn Lẹ́bàá Títì ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ̀yin èèyàn wa tó ń gbé ìgbèríko ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, kì í ṣe gbogbo ìró ìbọn lẹ́bàá títì ló lòdì sófin. Abala 161 nínú Highways Act ti 1980 ló sọ ọ́. Àárín títì ọkọ̀ ni wọ́n ti ń wọn ọ̀nà jíjìn tí òfin náà kàn, kì í ṣe etí rẹ̀: 50 ẹsẹ̀ bàtà, bíi mítà 15. Ẹni tó bá yìnbọn láàárín ibẹ̀ láìní ìdí tó bófin mu, tó sì tipa bẹ́ẹ̀ ṣe ẹni tó ń kọjá léṣe, tó dí i lọ́wọ́, tàbí tó fi í sínú ewu, ti rúfin. Ẹ rò ó wò: ìbọn dún, ẹṣin ta gìrì, ẹni tó gùn ún fẹ́ ṣubú. Kò dìgbà tí ọta bá bani kó tó di ẹjọ́.

Abala yìí kò kan ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ lásán. Àmọ́ Firearms Act ti 1968 ṣì wà: gbígbé ìbọn ọdẹ tí wọ́n ti kì kiri ibi tí gbogbo èèyàn ń gbà láìnídìí, ẹ̀ṣẹ̀ ni, bí a kò tilẹ̀ yìn ín.

Bí ewu bá ń bẹ lójú ẹsẹ̀, ẹ pe 999.