Ibà Kò Mọ Ọmọ Ìlú

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń múra àtikó àwọn ọmọ lọ kí ìyá àgbà nílé ní oṣù Kejìlá, ẹ gbọ́ tiwa kí ẹ tó di ẹrù. Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu wa níhìn-ín ní Britain: "Ta ni ibà fẹ́ mú? Nàìjíríà ni wọ́n bí mi sí!" Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n agbára tí ara fi ń kojú ibà kì í ṣe ilà ojú tí kì í parẹ́. Ẹ̀fọn tó ń jẹni lemọ́lemọ́ ni kì í jẹ́ kí ó tán. Bí ènìyàn bá ti pẹ́ ní òkè òkun, púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò ti ṣá. Ọmọ tí a bí síhìn-ín kò tilẹ̀ ní in rárá. Nínú nǹkan bí 2,000 ènìyàn tí wọ́n rí ibà lára wọn ní Britain ní ọdún 2023, àwọn tó lọ kí ẹbí ló pọ̀ jù.

Oògùn ìdènà wà. Dókítà tàbí apòògùn ni yóò sọ èyí tó bá oníkálukú mu, pàápàá aboyún àti ọmọdé. Malarone, fún àpẹẹrẹ, a ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ kan tàbí méjì kí a tó gbéra, a ó sì máa lò ó lójoojúmọ́ títí di ọjọ́ 7 lẹ́yìn tí a bá kúrò níbẹ̀. Owó rẹ̀ ń dunni, a mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi wé owó aṣọ ẹbí. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé chloroquine tí wọ́n fi tọ́ wa dàgbà: kòkòrò ibà ti borí rẹ̀, Nàìjíríà fúnra rẹ̀ sì ti fi oògùn alápapọ̀ tó ní artemisinin rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 2005. Òru ni ẹ̀fọn ibà ń jẹun jù. Ẹ sun abẹ́ àwọ̀n olóògùn, bí iná tilẹ̀ lọ tí ooru mú.

Bí ẹ bá padà dé ńkọ́? Ibà lè yọjú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ̀fọn jẹni, ó sì lè fara pamọ́ fún oṣù púpọ̀. Bí ara bá gbóná, bí orí bá ń fọ́, bí ọmọ bá ń bì, ẹ má pè é ní òtútù, ẹ má sì jókòó ti agbo. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an, kí ẹ sì sọ ọ́ láti ẹnu ọ̀nà pé Nàìjíríà ni ẹ ti ń bọ̀, kí wọ́n lè yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Bí àyẹ̀wò kìíní kò bá rí nǹkan kan, tí ara kò sì rọlẹ̀, ẹ béèrè òmíràn. A máa ń ṣe é tó ẹ̀ẹ̀mẹta.